Ìbéèrè Ọ̀gá Mi

Bí ẹnìkan bá wúkọ́ kó tó sọ̀rọ̀, ọ̀gá mi tó jẹ́ aṣòfin ni mo máa ń rántí. Bí ọkọ̀ wa bá ti kúrò ní Ìkìrun, wọ́n á wúkọ́, wọ́n á ka ìbéèrè tí mo bá wọn kọ: ìgbà wo lomi máa dé ilé ìgbẹ̀bí abúlé wọn?

"Wo aago. Ó gbà tó mélòó?"

"Ìṣẹ́jú kan, sà."

Nílé Aṣòfin, gbogbo àbá ni ọ̀gá mi ń pariwo "Bẹ́ẹ̀ ni!" sí, kí Olórí Ilé lè pè wọ́n láti ka ìbéèrè wọn. Kò pè wọ́n rí. Wọ́n á ní, "Yí déètì ìbéèrè náà padà."

Nígbà tí ọ̀gá mi kú, Olórí Ilé ní ká dìde, ká dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Mo wo aago. Ìṣẹ́jú náà pé, kò sẹ́ni tó wúkọ́.