Àfọ́kù Igbá Tó Wà Nídìí Ìbọn

Bàbá Akínbọ́lá kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọmọ owú tó fi ń lu irin ló máa ń bá a sọ ọ́. Ogójì ọdún ló fi ń tún ìbọn ọdẹ ṣe nínú àgbẹ̀dẹ rẹ̀ ní Òkè-Ìlá, l'Adó, bẹ́ẹ̀ ni kò yìnbọn pa eku rí. Ìbọn kan wà tó fi kọ́ ara ògiri, ṣakabùlà àtijọ́, igi ìdí rẹ̀ dúdú bí èédú. Gbogbo àárọ̀ Sátidé ló ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, á fi àdín pa á, á nù ún, á tún gbé e kọ́. Olúfúnṣọ́, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, kò bi í léèrè rí. Ó ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ìbọn tí bàbá bàbá òun gbé lọ sógun Kírìjì ni.

Nínú òjò ọdún 1978 ni bàbá náà kú. Ilé dákẹ́. Nígbà tó di Sátidé, Olúfúnṣọ́ bá ara rẹ̀ níwájú ògiri, ìgò àdín lọ́wọ́. Kò mọ ìgbà tó mú un.

Kò pẹ́ ni Tíṣà Adébíyìí wá kí i. Tíṣà ń kó ohun àtijọ́ jọ sí yàrá kan nílé ìwé rẹ̀, kí àwọn ọmọ lè máa rí i. Ó ní òun fẹ́ gbé ìbọn náà síbẹ̀, kí òun kọ orúkọ ẹni tó gbé e lọ sógun sára páálí, kí òun fi sábẹ́ rẹ̀. Olúfúnṣọ́ ní kí wọ́n kọ orúkọ bàbá bàbá òun. Inú rẹ̀ dùn fún ìgbà àkọ́kọ́ látọjọ́ ìsìnkú. Orúkọ ilé wọn kò ní parun. Tíṣà ní kó kọ́kọ́ wá ẹ̀rí.

Olúfúnṣọ́ tú awọ tí wọ́n fi wé ìdí ìbọn, bóyá àmì kan á wà níbẹ̀. Àfọ́kù igbá kan ló jábọ́, tòun ti okùn. Oògùn ló pè é. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni. Ó fi bébà wé e, ó di ọ̀dọ̀ wòlíì, kí wọ́n bá òun dáná sun ún. Ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ Bàbá Ìdòwú, tó ń fi ẹwìrì fín iná fún bàbá rẹ̀ láyé ọjọ́un, kó bi í bóyá bàbá òun máa ń ṣe oògùn.

Bàbá Ìdòwú rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Oògùn kẹ̀? Àdúrà ti gùn ọ́ jù, ọmọ yìí. Rìsíìtì bàbá rẹ nìyẹn."

Ó wá ṣàlàyé. Akínbọ́lá kò mọ̀wé. Bí ọdẹ bá gbé ìbọn wá, á fọ́ igbá sí méjì: ọ̀kan á wà lára ìbọn, ìkejì á tẹ̀lé ọdẹ lọ sílé. Ọjọ́ tí ọdẹ bá wá gbà á, ẹnu igbá gbọ́dọ̀ bára mu. Bámgbóyè, ọdẹ Ìgbẹ́mọ, ló gbé ìbọn yìí wá. Bàbá tirẹ̀ ló gbé e lọ sógun. Bámgbóyè kò padà wá gbà á. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Akínbọ́lá fẹsẹ̀ rìn dé Ìgbẹ́mọ. Wọ́n ní ọdẹ ti kú, ìyàwó rẹ̀ ti kó lọ, wọn kò mọ ibi tó wà.

Olúfúnṣọ́ jókòó. Ó lè dákẹ́. Ta ni yóò mọ̀? Ó ń yí àfọ́kù náà lọ́wọ́, ó ń yí i. Lọ́jọ́ kejì ó wọkọ̀ lọ sí Ìgbẹ́mọ, ìbọn nínú àpò ìdọ̀họ.

Ìyàwó ọdẹ ti padà dé láti Ìyìn, ó ti di arúgbó. Ìyá Monínúọlá ni wọ́n ń pè é. Nígbà tó rí àfọ́kù igbá, ó dìde, ó ṣí agolo kan, ó mú ìkejì jáde lábẹ́ ìwé orin. Olúfúnṣọ́ bá a fi méjèèjì pọ̀. Igbá náà ṣe bí ẹni tí kò fọ́ rí.

Ìyá ní ọ̀sẹ̀ tí ọkọ òun gbé ìbọn lọ ni àìsàn dá a dùbúlẹ̀. Adó nìkan ló rí sọ, kò dárúkọ alágbẹ̀dẹ. Ìyá fọwọ́ ra irin ìbọn, ó wo ìka rẹ̀. Kò sí ìpẹtà.

"Ta ló ń fi òróró pa á?"

"Bàbá mi ni, mà. Gbogbo Sátidé."

"Bàbá rẹ ńkọ́?"

"Wọn ò sí mọ́, mà."

Ìyá fà á mọ́ra. Ẹkún tí Olúfúnṣọ́ kò rí sun lọ́jọ́ ìsìnkú, èjìká ìyá yìí ló sun ún sí. Nígbà tó dákẹ́, ó sọ ọ̀rọ̀ Tíṣà fún un. Ìyá gbà pé kí ìbọn máa lọ sílé ìwé.

"Ṣùgbọ́n kí tíṣà kọ orúkọ méjì. Bàbá ọkọ mi ló gbé e lọ sógun. Bàbá tìrẹ ló gbé e padà wá sí ulé."

Bẹ́ẹ̀ ni Tíṣà kọ ọ́. Nígbà tó di Sátidé, Olúfúnṣọ́ mú ìgò àdín, ó gba ọ̀nà ilé ìwé lọ.