Pọ́ńpù Oògùn àti Báàgì Ìyá Mi

Nígbà tí ìyá mi dé sọ́dọ̀ wa ní Igando, kò tú báàgì rẹ̀. Síìpù rẹ̀ ti bàjẹ́, ló bá fi aṣọ pupa kan di ẹnu rẹ̀ pinpin, ó gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bàbá mi ti kú, ẹ̀yìn ń dun ìyá mi, kò sì sẹ́nì kankan pẹ̀lú rẹ̀ nílé mọ́ ní Èkìtì. Èmi fẹ́ kó dúró tì wá. Òun ní tirẹ̀, gbogbo Sunday tá a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ni yóò wo báàgì yẹn, á ní, "Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, màá máa lọ." Ẹni tó ti ń roko láti kékeré, ẹ wá ní kó jókòó sí pálọ̀ kó máa wo tẹlifíṣọ̀n. Mo mọ̀ pé ara rẹ̀ kò gbà á.

Ilẹ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa tí ẹni tó ni ín kò tíì kọ́ nǹkan kan sí. Ọkọ mi tọrọ rẹ̀, ìyá mi sì rọra kọ ebè mélòó kan, ó gbin tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ. Inú mi dùn gan-an. Ó ń jí, ó ń kọrin, kò sì dárúkọ báàgì mọ́. Àfìgbà tí kòkòrò dé, tí ewé tẹ̀tẹ̀ lu jára bí ajere.

Ọkọ mi, tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ló fi ń jẹun, ní iṣẹ́ òun nìyẹn. Ó ra oògùn kòkòrò ní Ikotun, ó sì yá pọ́ńpù tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn lọ́wọ́ bàbá tó ń tọ́jú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun tó wà ládùúgbò wa. Ó ka ara ike oògùn bí ẹni ń ka Bíbélì, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó fi nǹkan bo imú, ó fín in dáadáa. Kòkòrò kú. Kò pẹ́ sí i, ewé tẹ̀tẹ̀ pọ́n, ó rọ, òun náà kú tẹ̀lé wọn. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ìyá mi wo ebè, ó wo pọ́ńpù. "Kí ni wọ́n máa ń fi nǹkan yìí fín ní ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Koríko ni, Màmá. Oògùn apakoríko," ni ọkọ mi wí, ló bá káwọ́ lérí. Kò fọ pọ́ńpù náà kó tó lò ó.

Mo ní ó parí, ìyá mi ń lọ nìyẹn. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í bú oògùn. "Kẹ́míkà burúkú. Ayé àtijọ́ ló dáa, tó jẹ́ ọkọ́ nìkan lẹ fi ń ṣe é."

Ẹ̀rín ni ìyá mi ń rín. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ? Ọkọ́ tó ò ń yìn yẹn ló ba ẹ̀yìn mi jẹ́. Ọdún tí bàbá yín kọ́kọ́ ra oògùn apakoríko ni mo tó ń bá yín jẹun alẹ́. Oògùn ò burú, jàre. Pọ́ńpù kan ni kì í ṣe iṣẹ́ méjì."

Mo rántí. Ṣáájú ọdún yẹn, a ti máa ń sùn lọ kó tó ti oko dé.

Ọkọ mi ra pọ́ńpù méjì, ọ̀kan fún kòkòrò, ọ̀kan fún koríko etí ilẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé wọ́n jọra bí ìbejì. Ìyá mi ní ká dúró, ó wọlé, ó sì mú aṣọ pupa kan jáde. Ó so ó mọ́ ọwọ́ pọ́ńpù koríko, ó fà á le.

"Èyí tó bá ní aṣọ pupa, kó má dé ìdí ẹ̀fọ́ tí màá tún gbìn o, ọkọ ọmọ mi."

Mo sáré wọlé. Ẹnu báàgì ti là gbàgà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo kúnlẹ̀ tì í, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ rẹ̀ sínú wọ́dúróòbù, kí ìyá mi tó yí ọkàn padà.