Morákinyọ̀ àti Ọkọ̀ Tí Kò Fẹ́ Sáré Mọ́

Àbúrò mi Morákinyọ̀ kò lè jókòó. Láti kékeré ló ti rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá ń jẹun nílé wa ní Ìnísà, òun á ti gbé àwo rẹ̀ dìde, á máa jẹun kiri àgbàlá bí adìyẹ tó ń wá ibi tí yóò yé sí. Ó kọ́ṣẹ́ télọ̀, ó fi í sílẹ̀. Ó gun ọ̀kadà láàárín Ìkìrun àti Ìbà, ó tà á. Ó ṣe wẹ́dà, ó tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, ó sì gba Kùtọnu lọ nígbà kan tí a kò gbúròó rẹ̀ títí màmá wa fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbààwẹ̀. Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tíṣà lásán, mo bínú sí i títí ó fi sú mi.

Ohun kan ṣoṣo ló mú un fìdí kalẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ni. Ọ̀gbẹ́ni Oyèdélé, ọmọ Ìkìrun tó ń ṣòwò ní Èkó, ló ra ọkọ̀ ìgbafẹ́ aláwọ̀ búlúù kan, tó gbé e wá sórí adágún odò Ọ̀tìn kí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè máa fi ṣeré bí wọ́n bá wálé ọdún. Ó fi Morákinyọ̀ ṣe awakọ̀ àti mẹkáníìkì rẹ̀. Ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ gbé mi sínú ọkọ̀ náà, imú ọkọ̀ gbéra sókè lórí omi, atẹ́gùn fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí gèlè mọ́ mi lórí, mo ń pe Jésù, òun ń rẹ́rìn-ín. Mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé ara rẹ̀ balẹ̀. N kò rí irú rẹ̀ lójú rẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ló fẹ́ Mofolúwakẹ́, ọmọ Òkukù, ẹlẹ́sìn Aládùúrà tó ń wọ aṣọ funfun bí ẹni pé eruku kò sí láyé. Wọ́n gba ilé sí Ìkìrun, wọ́n bí Olúwaṣíjibòmí, a kò sì gbọ́ ọ̀rọ̀ Kùtọnu mọ́.

Àfi bí ọdún Àjíǹde ṣe ń sún mọ́lé tí ọkọ̀ kò sáré mọ́. Bí Morákinyọ̀ bá ṣí i, á dáhùn lójú ẹsẹ̀, ohùn ẹ́ńjìnnì á sì mọ́. Ṣùgbọ́n bó bá ti ọ̀pá tí awakọ̀ fi ń fún un níná síwájú, ẹ́ńjìnnì á kàn máa kùn bí ẹni tó yó, imú ọkọ̀ kò ní gbéra, á máa fi àyà wọ́ lórí omi. Oyèdélé gbọ́, ó sì pè é lórí fóònù. Ó ní òun ń bọ̀ ní Sátidé Àjíǹde. Bí ọkọ̀ náà kò bá sáré bíi ti tẹ́lẹ̀, òun ti rí ẹni tí yóò rà á ní Ẹ̀pẹ́, kí wọ́n wá gbé e lọ.

Mofolúwakẹ́ ló wá sọ fún mi. Ó gbé ọmọ pọ̀n wá sí Ìnísà, ó kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, kò tilẹ̀ dúró kí n fún un ní omi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà mí. Wọn kì í sùn mọ́. Wọ́n tún ti ń sọ̀rọ̀ Kùtọnu."

Mo wọ bàtà, mo bá a lọ.

A bá Morákinyọ̀ létí omi, ó fi girísì para dé iwájú orí. Mofolúwakẹ́ gbé oúnjẹ rẹ̀ kalẹ̀, ó sì yára gba ilé lọ, nítorí ọmọ ń ké. Àbúrò mi kò wo oúnjẹ. Ó ń ka ohun tó ti ṣe fún mi, ó ń rìn síwá sẹ́yìn. Ó ti pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, Òkukù ló ti lọ rà á. Ó rò pé omi wọnú epo, ó da gbogbo epo nù, ó ra òmíràn. Ó tú kabúrétọ̀, ó fọ̀ ọ́, ó tò ó padà. Ó yọ abẹ̀bẹ̀ irin tó ń ti ọkọ̀ lábẹ́ omi, ó rí i pé etí rẹ̀ kan tẹ̀ díẹ̀, ó lù ú títí ó fi tọ́. Ó ha ewédò kúrò ní abẹ́ ọkọ̀, ó gbọ́n omi inú rẹ̀ gbẹ. Síbẹ̀, pàbó ni.

"Ta ló ń bá ọ ṣe é?" ni mo bi í.

"Kò sẹ́nì kan. Ta ni n óò máa dúró dè?"

Ìdáhùn yẹn dùn mí, nítorí bó ṣe máa ń ṣe ayé rẹ̀ náà nìyẹn. Mo ká ìró mi sókè, mo wọnú ọkọ̀, mo jókòó sórí àga awakọ̀.

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá kún wàhálà mi."

"Mo ti jókòó ná. Sọ ohun tí n óò ṣe."

Ó mí kanlẹ̀. Ó lọ sẹ́yìn, ó ṣí ìbòrí ẹ́ńjìnnì láìtan iná sí i, ó ní kí n ti ọ̀pá náà síwájú. Mo tì í.

"Ẹ tì í dópin."

"Ó ti dópin."

"Kò dópin, Àǹtí mi! Mò ń wo apá ẹ́ńjìnnì tí wáyà ọ̀pá ń fà níbí, ìdajì ló ṣí!"

"Ṣé ojú mi ló fọ́ ni? Wá wò ó!"

Ó fò wá síwájú tìbínú tìbínú. Ó bá ọ̀pá náà lópin lóòótọ́. Ó padà sẹ́yìn, ó ní kí n tún un ṣe, ó tún wò ó. Látìgbà tó ti ń ṣe kùrùkẹrẹ kiri, nítorí pé ọ̀pá ń dópin lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbà pé iná ń dópin lẹ́yìn. Ẹni méjì ló yẹ kó wò ó, kò sì pe ẹnì kankan.

Ó wá ń fọwọ́ tọ wáyà tó so ọ̀pá mọ́ ẹ́ńjìnnì, láti ẹ̀yìn bọ̀ wá síwájú, títí ọwọ́ rẹ̀ fi dé abẹ́ àga tí mo jókòó sí. Ó ní kí n dìde. A bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ papọ̀. Wáyà náà ti kúrò níbi tí wọ́n há a mọ́, ó tẹ̀ bí orúnkún, wọ́n sì fi ríbọ́ọ̀nù funfun dè é pinpin mọ́ ẹsẹ̀ àga, kókó lórí kókó.

Kò sẹ́ni tó ní láti sọ fún wa ẹni tó so ó. Morákinyọ̀ na ọwọ́ sí ọ̀bẹ. Mo di ọwọ́ náà mú. Onítẹ̀bọmi ni mí, a kì í so ríbọ́ọ̀nù, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ní ìjọ Mofolúwakẹ́ wọn kì í fi ọ̀bẹ kan ohun tí wọ́n fi àdúrà so. Ẹni tó so ó ló ń tú u.

"Pè é kó wá tú u," ni mo wí.

Ọ̀kadà ló gbé e wá. Bó ṣe rí ibi tí a bẹ̀rẹ̀ sí, ó ti mọ̀.

"O fẹ́ kí wọ́n ta ọkọ̀ náà, àbí?" ni Morákinyọ̀ bi í.

"Bàbá Ṣíjì, mo fẹ́ kí ẹ máa padà wálé ni." Omijé ti dé ojú rẹ̀. "Ọjọ́ tí ẹ sáré kọjá láàárín àwọn apẹja, tí ọkọ̀ bàbá àgbà kan nínú wọn dojú dé, bàbá yẹn wá sílé wa, ara rẹ̀ ṣì tutù. Ẹ̀rù bà mí. Mo gbé ríbọ́ọ̀nù lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n gbàdúrà sí i, wọ́n ní kí n so ó mọ́ abẹ́ ibi tí ẹ ń jókòó. Ìgbà tí mo gbé oúnjẹ wá tí n kò bá yín ni mo so ó. N kò mọ̀ pé wáyà yẹn ló ń gbé iná lọ. Mo so ó kí omi má baà gbé yín lọ. Àṣé Kùtọnu ni mo fẹ́ fi yín lé lọ́wọ́."

Ìbínú àbúrò mi wálẹ̀. Èmi ń fi gèlè nu ojú.

Mofolúwakẹ́ kúnlẹ̀ sínú ọkọ̀, ó ń gbàdúrà wúyẹ́wúyẹ́, ó sì ń tú u ní kókó kọ̀ọ̀kan. Morákinyọ̀ na wáyà, ó há a padà sáyè rẹ̀. Mo tún ti ọ̀pá, ó ní apá ẹ́ńjìnnì ti ṣí tán. Mofolúwakẹ́ dúró tòun ti ríbọ́ọ̀nù lọ́wọ́. Ó wò ó, ó wo ọkọ rẹ̀, ó sì fa ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, èyí tó fi ń ti ọ̀pá, tòun ti girísì lára rẹ̀, ó so ríbọ́ọ̀nù náà mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀.

"Ibí ló yẹ kí n ti so ó mọ́ tẹ́lẹ̀," ló wí.

Morákinyọ̀ kò tú u.

Sátidé dé, Oyèdélé dé pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Èmi àti Mofolúwakẹ́ dúró létí omi. Kí a tó ṣẹ́jú, ọkọ̀ búlúù náà ti gbé imú sókè, ó ré kọjá níwájú wa. Oyèdélé ń pariwo sí mi, "Tíṣà, ẹ wo ọkọ̀ mi! Ta ló ní mo fẹ́ tà á?" Mo pàtẹ́wọ́. Mofolúwakẹ́ kò pàtẹ́wọ́ ní tirẹ̀. Ó di ojú pinpin, ètè rẹ̀ ń mì.

Wọ́n kọrí sí igun adágún náà níbi tí àwọn apẹja ń dẹ àwọ̀n sí. Àwọn ọ̀rẹ́ Oyèdélé ń kígbe, "Fún un níná! Fún un níná!" Bẹ́ẹ̀ ni ìró ẹ́ńjìnnì ṣe lọ sílẹ̀ lójijì. Imú ọkọ̀ wálẹ̀, ó ń wọ́ lọ.

"Yéè! Ó ti tún bàjẹ́!"

Mofolúwakẹ́ la ojú. Ó wo ibi tí ọkọ̀ náà ti ń rọra kọjá lára àwọn apẹja.

"Kò bàjẹ́, ẹ̀gbọ́n mi," ló wí. "Ọwọ́ Bàbá Ṣíjì ló fà á sẹ́yìn."