Wáyà Tí Màmá Áyọ́ọ̀nù Nà

Igbe tí Bàbá Rédíò ké lọ́jọ́ Àìkú yẹn, àwọn ará ilé rò pé ejò ló wọlé. Ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Màmá Áyọ́ọ̀nù, sáré wọ yàrá. Kò sí ejò kankan. Ọkọ rẹ̀ ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó di orí mú, wáyà tí a ti ká rogodo sì wà lórí itan rẹ̀.

"Ta ló na wáyà yìí?"

"Èmi ni." Obìnrin náà ṣì ń retí kí wọ́n kí òun kú iṣẹ́. "Ṣé ẹ ò rí bó ṣe rún ni? Mo ti bá yín nà án, Bàbá wọn."

Ẹ má tíì bínú sí i. Láti ìgbà ọmọge ló ti ń fọ aṣọ fáwọn èèyàn, tó ń fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́. Bó bá rí nǹkan tó rún, ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Lọ́jọ́ tí ibà gbé e dé iwájú dókítà, kọ́tìnnì dókítà ló kọ́kọ́ ń fà gún.

Rédíò ọkọ rẹ̀ kì í ṣe èyí tí a fi ń gbọ́ ìròyìn. Èyí tí èèyàn fi ń bá ará ọ̀nà jíjìn sọ̀rọ̀ láti inú yàrá ni, wáyà gígùn ló sì ń jẹ́ kí ohùn rìn. Onílé ti yarí pé òun ò fẹ́ rí wáyà níta, yàrá wọn kò sì gba gígùn rẹ̀. Ni bàbá bá dọ́gbọ́n: ó tò ó sórí pátákó, ó fi ẹ̀mú ṣẹ́ ẹ sí ṣóńṣó ṣóńṣó. Ibi tó bá ṣì gún lára ṣóńṣó kọ̀ọ̀kan, ó tún ṣẹ́ ṣóńṣó kékeré sí i. Lára kékeré náà, ó tún ṣẹ́ èyí tó kéré jù ú lọ. Bí o bá wo díẹ̀ lára rẹ̀, àfi bíi pé gbogbo rẹ̀ lo ń wò. Báyìí ni wáyà gígùn ṣe gba orí pátákó tí kò ju ilẹ̀kùn lọ. Nítorí àwọn tó fẹ́ kun ògiri ló ṣe sọ pátákó náà kalẹ̀ lára ògiri, ilẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ ti bá wáyà náà.

"Ìyá wọn," bàbá ní, "ìrọ̀lẹ́ òní ni mo fẹ́ bá ọ̀rẹ́ mi sọ̀rọ̀. Ọ̀la ni wọ́n máa gbé e lọ fún iṣẹ́ abẹ."

Àyà màmá já. Àwọn ọkùnrin méjèèjì ò fojú kan ara wọn rí, àmọ́ ohùn ọ̀rẹ́ yẹn ti di ará ilé. Màmá náà máa ń kí i láti ìdí áyọ́ọ̀nù. Fóònù kì í sì wọlé síbi tí ọkùnrin náà ń gbé.

Wọ́n na wáyà láti fèrèsé dé fèrèsé, yàrá ò gbà á tán. Ṣááá nìkan ni rédíò ń ṣe. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ ẹ padà, màmá di pátákó mú, ìka rẹ̀ bó. Ọjọ́rú ni wọ́n tó parí.

Bàbá pe ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ohùn obìnrin ló dáhùn, ketekete.

"Ẹ̀gbọ́n, ìyàwó ọ̀rẹ́ yín ni. Kò jí mọ́ lẹ́yìn abẹ náà. A ti sin ín lánàá."

Màmá Áyọ́ọ̀nù lanu sílẹ̀, kò rántí pa á dé. Ó ń wo rédíò bí ẹni tí wọ́n parọ́ mọ́.

"Lọ́jọ́ Àìkú, ó jókòó ti rédíò títí ilẹ̀ fi ṣú, ó ń pè yín ṣáá. Ó ní bóyá ẹ ń bínú sí òun ni. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò dáhùn?"

Màmá jókòó wọ̀ọ̀ sórí ibùsùn. Ẹ̀rù bà á, ojú tì í, ó ń retí kí ọkọ rẹ̀ dárúkọ òun. Bàbá kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá. Ó tẹ bọ́tìnnì tí a ń tẹ̀ kí ohùn tó jáde.

"Èmi ni mo ba wáyà mi jẹ́, ìyàwó wa. Ọwọ́ mi ló ṣe é. Mi ò bínú sí i rí."

Ìgbà tó fi bọ́tìnnì sílẹ̀ ló tó sunkún.