Ìṣẹ́jú Márùn-ún Tí Adájọ́ Fi Wo Géèjì

Ọdún mẹ́tàdínlógún ni tọkọtaya yìí fi jọ ṣe iṣẹ́ kan náà. Kòtò ńláńlá ni wọ́n máa ń tẹ́ rọ́bà sí: kòtò omi ẹlẹ́gbin ilé iṣẹ́ aláró, kòtò ìgbẹ́ màlúù, kòtò omi tí wọ́n fi fọ ọgbà ẹlẹ́dẹ̀, kí ìdọ̀tí má baà rin wọnú ilẹ̀ lọ bá kànga àwọn ará àdúgbò. Rọ́bà ọ̀hún dúdú, ó nípọn, ó fẹ̀ ju yàrá lọ. Ní kíká bí ẹní ni wọ́n ṣe máa ń gbé e dé. Ọkọ ló ń fi ẹ̀rọ gbígbóná so etí ọ̀kan mọ́ ti èkejì, ìdí nìyẹn tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń pè é ní Télọ̀. Ìyàwó ló ń yẹ iṣẹ́ náà wò bóyá ó dáa, òun ni wọ́n sì sọ ní Adájọ́.

"Èmi á máa rán, ìyàwó mi á máa wá ibi tó ti ya," Télọ̀ á wí fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́. "Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń ṣe nílé!"

Iṣẹ́ Adájọ́ ò ní ariwo nínú. Ẹ̀rọ Télọ̀ máa ń fi ihò tóóró kan sílẹ̀ sáàárín ojú ìsopọ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Adájọ́ á dí ìpẹ̀kun méjèèjì pa, á ki abẹ́rẹ́ bọ ihò náà, á fi pọ́ọ̀mpù ọwọ́ fún atẹ́gùn sí i, á wá kúnlẹ̀ ti géèjì tó ń wọn agbára atẹ́gùn náà. Ìṣẹ́jú márùn-ún gbáko. Bí ọwọ́ géèjì bá wálẹ̀, atẹ́gùn ń jò níbì kan nìyẹn, Télọ̀ á sì tún un ṣe. Bí kò bá wálẹ̀, Adájọ́ á fi ẹfun kọ nọ́ńbà àti aago sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Títí ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn á fi pé, kì í gbójú sókè rárá.

Ìgbà yẹn gan-an ni ara máa ń yún Télọ̀.

"Adájọ́ o! Ejò ń bẹ lẹ́yìn ẹ!"

Bó bá di ọjọ́ mìíràn, á ní ṣòkòtò òun ń jóná. Adájọ́ á máa rẹ́rìn-ín sínú, kò ní wẹ̀yìn. "Jẹ́ kó jóná," á dáhùn.

Oko ẹlẹ́dẹ̀ kan ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Kòtò méjì ló wà níbẹ̀, òkè amọ̀ kan ló dá wọn lágbede méjì. Wọ́n ti parí ti àkọ́kọ́, ọlọ́sìn ẹlẹ́dẹ̀ ò sì jẹ́ kí wọ́n mí tó fi darí omi sínú ẹ̀, nítorí pé ọgbà ẹ̀ ti kún. Okùn tó yẹ kí wọ́n rọ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹni tó bá ṣèèṣì yọ̀ bọ́ sínú omi lè fi fa ara ẹ̀ jáde, ṣì wà nínú ọkọ̀ akẹ́rù wọn. Irin tí wọn ó so ó mọ́ ni kò tíì dé.

"Bí irin bá dé lọ́la, okùn la ó kọ́kọ́ ṣe," Télọ̀ wí.

"Má gbàgbé o," Adájọ́ fèsì. Kò bá a fà á ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, òjò fẹ́ẹ́rẹ́ ti wẹ gbogbo nǹkan kí ilẹ̀ tó mọ́. Irin ò dé. Rọ́bà tútù kò ṣeé so, nítorí náà ọwọ́ Télọ̀ dilẹ̀. Nígbà tí ọlọ́sìn ẹlẹ́dẹ̀ wá sọ pé etí rọ́bà kan ń ká sókè lẹ́bàá páìpù ní kòtò àkọ́kọ́, Télọ̀ ní òun á lọ wò ó. Adájọ́ ti wà nísàlẹ̀ kòtò kejì, ó ti fi àkísà nu ojú ìsopọ̀ kọkànlélógún, ó ti ń fún pọ́ọ̀mpù.

Ọwọ́ géèjì ti dúró, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú, nígbà tó gbọ́ ohùn ọkọ ẹ̀ lódìkejì òkè amọ̀.

"Adájọ́!"

Ó rẹ́rìn-ín.

"Adájọ́! Okùn! Ju okùn sí mi!"

Tòní tún yàtọ̀, ó rò. "Di ìrù ẹlẹ́dẹ̀ mú!" ó pariwo padà, kò gbójú kúrò lára géèjì. Ó tún gbọ́ nǹkan kan tí kò dún bí ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà gbogbo ẹ̀ pa rọ́rọ́. Ó rò pé eré ti sú ọkọ òun nìyẹn.

Ìṣẹ́jú márùn-ún pé. Ọwọ́ géèjì ò mì. Ó fi ẹfun kọ ọ́: mọ́kànlélógún, aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méjìlá, ó dáa. Ó dìde, ó na ẹ̀yìn, ó sì gun òkè amọ̀ kó lè lọ fi Télọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́.

Fìlà ọkọ ẹ̀ ló rí lójú omi. Ó wá rí ipa ìka ọwọ́ nínú ẹrẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo ara rọ́bà, wọ́n gùn, wọ́n pọ̀, wọ́n ti inú omi wá sókè dé ibi tí apá èèyàn lè dé. Kò sí ìkankan tó kọjá ibẹ̀.

Ó sáré mú okùn nínú ọkọ̀. Ó ké, àwọn òṣìṣẹ́ oko dà bo ibẹ̀, wọ́n sì gbé Télọ̀ jáde. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ìyá Télọ̀ kó wá bá Adájọ́ gbé lẹ́yìn ìsìnkú. Obìnrin àgbà ni, kò lọ́mọ mìíràn. Ohun kan ṣoṣo ló ń bi ìyàwó ọmọ ẹ̀. Bí wọ́n bá ń fọ abọ́, á bi í. Bí wọ́n bá ń ká aṣọ, á tún bi í.

"Ṣé kò pe ẹnì kankan ni?"

"Kò pe ẹnì kankan, Màmá. Omi gbé e lójijì ni."

Adájọ́ padà sí oko ẹlẹ́dẹ̀ lẹ́yìn oṣù kan. Kó tó kan pọ́ọ̀mpù, ó fi ọwọ́ ara ẹ̀ so okùn sí kòtò méjèèjì. Ọkùnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni wọ́n fi rọ́pò Télọ̀. Adájọ́ ò lè wo géèjì mọ́. Kí ìṣẹ́jú méjì tó pé, orí ẹ̀ á ti yí sẹ́yìn, á sì ní láti bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Odindi àárọ̀ ló fi yẹ ojú ìsopọ̀ kan ṣoṣo wò. Ọkùnrin náà ò ráhùn. Nígbà tó yá, ó wá jókòó tì í.

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín wò ó, Mà," ó wí. "Ẹ̀yin ẹ máa wo ibi tó bá wù yín."

Bí wọ́n ṣe parí kòtò kejì nìyẹn.

Ọ̀sán ọjọ́ kan tí wọ́n ń to àwọn ṣẹ́ẹ̀tì Télọ̀ sínú àpótí, Màmá tún bèèrè. Adájọ́ gbé ṣẹ́ẹ̀tì ọwọ́ ẹ̀ kalẹ̀.

"Ó pè mí, Màmá. Ẹ̀ẹ̀mejì. Ó ní kí n ju okùn. Mo rò pé eré ni. Mo tiẹ̀ dá a lóhùn pé kó di ìrù ẹlẹ́dẹ̀ mú."

Màmá dìde, ó wọ yàrá, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi bá a sọ̀rọ̀. Ó ń jẹun díẹ̀, ó ń wẹ̀, ó sì ń gba ẹ̀gbẹ́ Adájọ́ kọjá bí ẹni tí ò rí i. Lọ́jọ́ kẹrin, ó wá bá a níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà.

"Bó ṣe ń ṣe nígbà tó kéré náà nìyẹn," ó wí. "Á ní iná ń jó ilé. Á ní òun já sí kànga. Lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ ẹ̀ kán lóòótọ́, ó pè mí títí, mi ò dìde. Aládùúgbò ló gbé e wọlé." Ó fi etí aṣọ nu imú. "Mi ò lè sọ pé mo dárí jì ẹ́, ìyàwó. Mi ò tíì mọ ohun tí mo fẹ́ dárí ẹ̀ jì ẹ́ gan-an. Ṣùgbọ́n má tún purọ́ fún mi mọ́."

"Mi ò jẹ́ purọ́ mọ́, Màmá."

Màmá fa àga, ó sì bá a ṣa ẹ̀wà náà.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ó ní òun fẹ́ dé oko ọ̀hún. Adájọ́ mú un lọ. Ọlọ́sìn ẹlẹ́dẹ̀ ti ṣe ọgbà yí kòtò àkọ́kọ́ ká; ó kí wọn láti ọ̀ọ́kán, kò lè sún mọ́ wọn. Màmá di wáyà ọgbà mú, ó wo omi dúdú náà lọ wo ó bọ̀.

"Èwo ló rán níbẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀, Màmá."

"Kò jò?"

"Kò jò."

Màmá mi orí. Ó dúró síbẹ̀ títí òórùn náà fi mú un wúkọ́. Adájọ́ dì í lápá mú, wọ́n sì rọra gba ẹ̀yìn ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ lọ síbi tí ọkọ̀ wà.