Ọkọ̀ Ló Ni Èémí

Ká tó sọ ohun tó sọ Dáhùnsí dolówó, ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó sọ ọ́ dolórúkọ. Ọmọ Ìlàjẹ ni, orí omi ni wọ́n bí i sí, kò sì sí ẹni tó wa ọkọ̀ tó o ní gbogbo etí odò Onitsha kí ogun abẹ́lé tó dé. Òun àti Obiekwe, ọmọ ìlú náà, ni wọ́n jọ ń wa ọkọ̀ ẹlẹ́ni méjì níbi ìdíje ọdọọdún lórí Odò Ọya. Dáhùnsí a jókòó síwájú, Obiekwe a jókòó sẹ́yìn. Àwọn tó ń bá wọn du ipò kìíní kì í mú nǹkan lọ sílé ju apá ríro lọ.

Òfin kan ni Dáhùnsí ní, òfin náà sì le: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀. "Èémí tó o bá fi sọ̀rọ̀, ọkọ̀ lo jí i," ló máa ń wí. Bó bá rẹ Obiekwe, tàbí bí omi bá ń wọlé, kó fi ọ̀pá àjẹ̀ kan ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Dáhùnsí yóò dẹwọ́ láì bojú wẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀ Obiekwe yìí, ọ̀rọ̀ ló fẹ́ràn jù láyé, ó lè bá ẹja inú àwo ṣàwàdà. Ó pẹ́ kí òfin náà tó mọ́ ọn lára. Ìgbà tó mọ́ ọn lára ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í borí.

Ogun dé, Dáhùnsí sá lọ sílé. Ìgbà tó padà, afárá ti já sómi, ọjà ti jóná, Obiekwe sì ti gbẹ bíi panla. Ogun ti kó bàbá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ lọ. Òun nìkan ló kù fún ìyá rẹ̀. Obìnrin náà, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Nne, ìyẹn Ìyá, ń gbé inú yàrá kan ní Okpoko, kò sì fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ fẹsẹ̀ kan omi mọ́.

Dáhùnsí ló lọ bẹ̀ ẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọmọ Yorùbá, ó wá fi Ìgbò sọ ọ́ pé, "Nne, ọwọ́ mi ni ọmọ yín wà. Nǹkan kan kò ní í ṣe é."

Nne ní òun gbọ́.

Àwọn méjèèjì ń fi ọkọ̀ kó èèyàn sọdá títí ìjọba fi tún afárá ṣe. Lẹ́yìn náà ni owó epo rọ̀bì dé. Gbogbo ẹni tí owó Údójì, àfikún owó oṣù tí ìjọba san, bọ́ sí lọ́wọ́ ló fẹ́ kọ́lé, ilé ò sì ṣeé kọ́ láìsí yanrìn. Dáhùnsí bẹ̀rẹ̀ sí í wa yanrìn láti inú odò tà fáwọn onítípà. Ó ra ẹ́ńjìnnì, ó ra ọkọ̀ kún ọkọ̀, ó sanra, ó wá ń wọ léèsì lọ sí etí odò bí ẹni tó ń lọ síbi ìgbéyàwó. Obiekwe ni olórí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Bó ti wù kí odò kún tó, kì í bo ẹja lójú, ni àwọn Yorùbá tó ń ránṣọ ní ọjà Ochanja fi ń kí Dáhùnsí. Inú rẹ̀ a máa dùn sí i ju bó ṣe yẹ lọ.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan tí odò kún àkúnya, típà tò sí etí odò, àwọn awakọ̀ ń kánjú. Àwọn òṣìṣẹ́ di yanrìn tútù kún ọkọ̀ kan títí omi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá etí rẹ̀ dọ́gba.

"Ọ̀gá, ó ti wúwo jù," Obiekwe wí.

"Ṣé o ti darúgbó ni?" Dáhùnsí dá a lóhùn.

Obiekwe rẹ́rìn-ín, ó wọ inú ọkọ̀ yanrìn. Dáhùnsí fi okùn so ọkọ̀ náà mọ́ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tirẹ̀, ó ń fà á lọ, ojú rẹ̀ wà níwájú bíi ti àtijọ́. Àwọn obìnrin tó ń fọ ẹ̀gẹ́ létí odò ló kọ́kọ́ rí i pé Obiekwe ń fi àjẹ̀ kan ọkọ̀.

"Oga, look back! Your person dey knock! E dey knock!"

Ẹ́ńjìnnì ń ké, Dáhùnsí kò gbọ́. Ìgbà tí okùn já, tí ọkọ̀ rẹ̀ ta síwájú, ló tó yíjú padà, àjẹ̀ kan tó léfòó nìkan ló sì rí. Obiekwe mọ̀wẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n okùn ti wé mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, yanrìn sì fà á lọ sísàlẹ̀. Àfọwọ́fà ni, n ò ní bò ó. Lọ́jọ́ kejì, típà tún tò sí etí odò; ọjà kì í ṣọ̀fọ̀ ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Dáhùnsí lọ sí Okpoko. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Nne bi í.

"Ọmọ mi tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, ṣé kò pariwo ni?"

Dáhùnsí ì bá parọ́. Ì bá ní Obiekwe pariwo, ẹ́ńjìnnì ni kò jẹ́ kóun gbọ́, kò sì sẹ́ni tí yóò já a nírọ́. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ti bàjẹ́ kọjá irọ́.

"Kò pariwo, Nne. Ó kan ọkọ̀. Èmi ni mo kọ́ ọ pé kó má máa pariwo."

Nne ò sunkún. Ó fi etí ìró rẹ̀ nu ọwọ́.

"Nwa m," ó wí, "ọmọ mi, mi ò ní ṣépè fún ọ. Ṣùgbọ́n má wá síbí mọ́. Nígbà tí mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ lẹ́nu ọ̀nà lẹ́ẹ̀kàn, àwo méjì ni mo gbé, tìẹ àti ti Obiekwe."

Dáhùnsí wo orí tábìlì. Àwo méjèèjì wà níbẹ̀, Nne ti bu ọbẹ̀ sínú ọ̀kan.