Ọwọ́ Tí Mo Yí Padà

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Àjàó Estate ni ọ́fíìsì wa wà. Bí a bá ń ṣe ìpàdé tí bàlúù bá ń bọ̀ lókè, ọ̀gá wa á kàn gbé ìka kan sókè, gbogbo wa á dákẹ́ títí yóò fi kọjá, a ó sì mú ọ̀rọ̀ níbi tí a fi í sí. Àlejò nìkan ló máa ń pariwo lé e lórí. Mo fẹ́ràn ìdákẹ́ yẹn gan-an. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ ló ti wà lẹ́nu mi tí bàlúù bá mi gbé mì.

Ìwé àwòrán là ń ṣe, èyí tí àwòrán inú rẹ̀ pọ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ. Ilé-iṣẹ́ kan náà ni, ṣùgbọ́n ó pín sí ẹ̀ka mẹ́ta, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ àti àmì tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé. Ẹyẹ ni ti ìwé ńláńlá, iṣẹ́ àwọn ayàwòrán àti agbẹ́gilére, èyí tí àwọn ènìyàn máa ń gbé sórí tábìlì pálọ̀ kí àlejò lè rí i. Ìgbín ni ti àwọn ọmọdé. Abẹ́rẹ́ ni ti iṣẹ́ ọwọ́, bí irun dídì, aṣọ híhun àti ìlẹ̀kẹ̀ sínsín. A máa ń sọ ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọ ìyá mẹ́ta ni wọ́n. Ẹyẹ ni àkọ́bí tó ń múra tí kì í fọ abọ́. Ìgbín ló ń bọ́ ilé, torí àwọn ilé ìwé kì í yé béèrè rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ni àbíkẹ́yìn tí gbogbo ayé ń pọ́n lé, tí ẹnikẹ́ni kì í bu ẹran fún. Èmi ni olóòtú Abẹ́rẹ́, mi ò sì ní fi ṣe pààrọ̀ pẹ̀lú ẹnikẹ́ni.

Abẹ́rẹ́ ní òfin kan tí àwọn méjì yòókù kò ní. Kí ìwé tó dé ilé ìtẹ̀wé, a gbọ́dọ̀ kó àwọn ojú ìwé náà lọ sí ilé ẹni tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wà nínú rẹ̀, kí a ṣí i fún un níkọ̀ọ̀kan lórí ẹní tàbí lórí tábìlì rẹ̀. Ọ̀gá wa ló fi òfin yẹn lélẹ̀. Ó ní ẹni tó ni ọwọ́ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí ọwọ́ rẹ̀. Èmi a máa rò ó sí ọ̀rọ̀ ẹ̀yẹ lásán, ohun tí a fi ń gba àdúrà lẹ́nu àgbàlagbà. Mò ń pa òfin náà mọ́ ṣá, torí mo fẹ́ràn àdúrà.

Ẹni tó ń to ojú ìwé fún wa ní ìwà kan. Ó fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá wà nínú fọ́tò kọjú sí àárín ìwé. Bí ẹni náà bá kọjú síta, á yí fọ́tò yẹn padà lórí kọ̀ǹpútà, bí ìgbà tí ènìyàn bá wo ara rẹ̀ nínú dígí. Ọjọ́ kan, ó yí fọ́tò bàbá aláṣọ òkè kan, bọ́tìnì àwọ̀tẹ́lẹ̀ bàbá bọ́ sí apá kejì. Èmi ni mo rí i. Ìgbà mìíràn, ó gbé aago kúrò ní ọwọ́ kan sí èkejì. Èmi náà ni. Wọ́n wá ń pè mí ní Ojú Àṣá nínú ọ́fíìsì, orúkọ náà sì dùn mọ́ mi ju bó ṣe yẹ lọ.

Ìwé làálì ló wá mú mi. Àlàájà kan wà ní àdúgbò Ailegun ní Èjìgbò, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Bí àwọn Mùsùlùmí Èjìgbò bá fẹ́ so yìgì, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń mú ìyàwó lọ kó lọ lé làálì. Ọ̀nà tó ń ṣe sára ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọge, ewé àti òdòdó tó ń yà síbẹ̀ á dà bí ohun tó hù láti abẹ́ awọ. Ohun kan ni gbogbo àdúgbò mọ̀ mọ́ ọn: bó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, á fa aṣọ ìkélé aláwọ̀ ewé kan, òun àti ìyàwó nìkan ló máa wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá ìyàwó kò gbọdọ̀ wọlé, ìyá ọkọ kò gbọdọ̀ yọjú. Àwọn kan ní àdúrà ló ń kà sínú làálì. Àwọn kan ní kò fẹ́ kí wọ́n jí iṣẹ́ òun kọ́ ni. Ìgbà méjì ni mo lọ fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Níta aṣọ ìkélé lèmi náà jókòó sí, tí mò ń jẹ ẹ̀pà pẹ̀lú àwọn ìyá ìyàwó. Obìnrin tó ń ya fọ́tò fún wa nìkan ló gbà láàyè kó wọlé. Ó ya fọ́tò tán, ó fi wọ́n ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì, ó sì gba òkè Ọya lọ fún iṣẹ́ mìíràn.

Ọjọ́ tí ojú ìwé dé orí tábìlì mi, ìṣẹ́jú kan kò pé tí mo fi rí i. Nínú gbogbo fọ́tò tó ti ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ òsì ni Àlàájà fi di igi tín-ínrín tó fi ń ya làálì mú. Mo pòṣé. Mo ní ọ̀gbẹ́ni tó ń to ojú ìwé yìí ti tún bẹ̀rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò sí lẹ́nu iṣẹ́, ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, mi ò sì pè é. Kí ni mo fẹ́ bi í? Obìnrin tó ti dé Mẹ́kà, kó máa fi òsì kan ìyàwó tuntun lára? Wọ́n á ní ṣe la bú u. Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà, mo yí àwọn fọ́tò náà padà lọ́kọ̀ọ̀kan, igi làálì bọ́ sí ọ̀tún, ọkàn mi balẹ̀.

Oṣù náà ni àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ń kó kàlẹ́ńdà ọdún tuntun wá sí ilé ìtẹ̀wé tí a ń lò ní Ìsọlọ̀. Wọ́n ti kìlọ̀ fún wa pé bí iṣẹ́ wa kò bá wọlé lọ́sẹ̀ náà, ó di ẹ̀yìn ọdún. Mo bu ọwọ́ lù ú pé ó ti pé, mo fi ránṣẹ́ sí wọn ní ìrọ̀lẹ́, mo sì ní tó bá di àárọ̀ ọjọ́ kejì, màá gbé ojú ìwé lọ fún Àlàájà. Mo mọ̀ pé mo ti to òfin sódì. Mo kàn rò pé àdúrà ni mo fẹ́ lọ gbà.

Àlàájà tẹ́ ẹní sílẹ̀ ní yàrá iwájú, ó wọ ìgò ojú rẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i fún un. Orí òdòdó, orí ewé, ó ń mi orí, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a dé ibi tí fọ́tò òun fúnra rẹ̀ wà, ó dá mi dúró.

Ó bi mí pé, "Ta nìyí?"

"Ẹ̀yin ni, Mà."

"Èmi kọ́."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ìgò ojú náà kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. "Ẹ̀yin ni, Màmá. Ẹ wo òrùka yín."

"Òrùka mi ni. Ọwọ́ mi kọ́."

Ó gbé ọwọ́ òsì lé ojú ìwé náà, ó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Òrùka wà níbẹ̀, fàdákà olójú dúdú, ní ìka òsì. Nínú ìwé, èmi Ojú Àṣá ti gbé e lọ sí ọ̀tún.

Ó ní, "Òsì ni mo fi ń ṣe é láti kékeré. Bàbá mi fi ọ̀já dì í mọ́ mi lẹ́yìn títí ọ̀tún fi kọ́ oúnjẹ jíjẹ, tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí ènìyàn. Ṣùgbọ́n kò kọ́ làálì. Mo fi ọ̀tún gbìyànjú, ó dà bí ìgbà tí adìyẹ bá tan ilẹ̀. Ta ló wá máa jẹ́ kí n fi òsì kan ọmọ òun lọ́jọ́ yìgì? Ìyẹn ni mo ṣe lọ ra aṣọ ìkélé."

"Àwọn ìyàwó ńkọ́, Mà? Wọn ò sọ?"

"Wọ́n bò mí láṣìírí, èmi náà bo tiwọn. Ṣé o mọ ohun tí ìyàwó ń sọ lẹ́yìn aṣọ yẹn ni?" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà kò sì pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. "Mo sọ fún ọmọ tó ya fọ́tò, mo ní kó yà á bó ṣe rí. Mo ti dàgbà. Mo fẹ́ kí wọ́n rí i lẹ́ẹ̀kan kí n tó lọ. Ẹ̀yin wá tún fa aṣọ ìkélé bò ó."

Ojú tì mí débi tí mo fi ń to àwọn ojú ìwé tí kò tú ká.

"Ìwọ náà ńkọ́?" ni Àlàájà wí.

"Mà?"

"Látìgbà tó o ti jókòó, òsì lo fi ń ṣí ìwé yìí."

Mo wo ọwọ́ mi. Òótọ́ ni. Òsì ló wà lórí bébà. Mo rántí ilé ìdáná wa, mo rántí ọmọrogùn tí ìyá mi, Ìjẹ̀bú onígbàgbọ́, fi ń kan eegun ọwọ́ mi bí mo bá fi òsì mú ṣíbí. Á ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Kí n tó kúrò ní pírámárì wọ̀ọ́nù, mo ti ń fi ọ̀tún kọ̀wé bí gbogbo ọmọ. Ọ̀rọ̀ náà ti lọ kúrò lọ́kàn mi pátápátá. Ẹni tí wọ́n nà nítorí òsì ló fi gbogbo ìrọ̀lẹ́ kan ṣe àtúnṣe òsì ẹlòmíràn, tí inú rẹ̀ sì dùn sí i. Omi lé sí mi lójú, mi ò sì nù ún.

Ó fọwọ́ kàn mí léjìká. "Dìde. Ṣé wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ ni?"

"Wọ́n ní tí wọ́n bá kírun ọ̀sán tán ni, Mà."

Wọ́n ti ń pèrun ní mọ́ṣáláṣí iwájú ilé rẹ̀ bí mo ṣe ń wọ bàtà. Mo pe ọkùnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà lẹ́ẹ̀mẹta, kò gbé e. Mo wọ kẹ̀kẹ́, mo ní kó máa gbé mi nìkan lọ sí Ìsọlọ̀, kó má dúró gba ẹnikẹ́ni. A gba Jákàńdè Gate kọjá, oníkẹ̀kẹ́ ń wò mí nínú dígí rẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ṣé kò sí o? Sísítà yín wà ní ọsibítù ni?" Mo ní ìwé ni. Ó ní, "Ìwé kẹ̀?" Kò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.

Láti ẹnu géètì ni mo ti ń gbọ́ ẹ̀rọ. Ó ti ń ṣiṣẹ́, bébà ń jáde bọ́ọ̀bọ́ọ̀, Àlàájà ń fi ọ̀tún ya làálì lórí gbogbo wọn. Mo ju ọwọ́ méjèèjì sókè bí rẹfirí bọ́ọ̀lù. Ọkùnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ pa á.

Ó ní, "Madam, ẹ̀yin lẹ bu ọwọ́ lù ú o. Ó wà níbí."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́."

Ó ní òun kò lè dá iṣẹ́ náà dúró pátápátá láìjẹ́ pé ọ̀gá mi sọ ọ́. Mo pe ọ̀gá wa níwájú rẹ̀. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, mo fi èyí tó burú jù ṣe ìbẹ̀rẹ̀: pé mo ti fi ránṣẹ́ kí ẹni tó ni ọwọ́ tó rí i. Bàlúù kọjá lórí ọ́fíìsì lápá ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó dákẹ́, èmi náà dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn kò dùn mọ́ mi rárá.

Nígbà tó kọjá, ó ní, "Àlàájà ti wá rí i báyìí?"

"Wọ́n ti rí i, Mà."

"Ó dáa. Gbé fóònù fún un." Lẹ́yìn náà ló wá fi kún un pé, "Ojú Àṣá. Àṣejù, baba àṣetẹ́." Ẹ̀rín wà nínú ohùn rẹ̀.

Wọ́n kó bébà tó bàjẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo dá fọ́tò padà sí bó ṣe wà, wọ́n tún un tẹ̀. Mo ṣì ní ọ̀kan nínú àwọn tó bàjẹ́, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè tábìlì mi. Ẹni tó ń to ojú ìwé dé láti ìsinmi, ó wò ó títí, ó ní èyí nìkan lòun kò yí láti ìgbà tóun ti débẹ̀.

Nígbà tí ìwé jáde, mo gbé ọ̀kan lọ sí Ailegun. Àwọn ènìyàn wà ní yàrá iwájú, ìyàwó tuntun kan na ọwọ́ sórí ìrọ̀rí. Mo wá ibi tí màá jókòó sí níta aṣọ ìkélé. Kò sí aṣọ ìkélé. Wọ́n ti ká a, ó wà lábẹ́ ìrọ̀rí náà. Ìyá ìyàwó jókòó tì wọ́n, ó la ojú sílẹ̀, ó ń wo igi làálì bó ṣe ń lọ ní ọwọ́ òsì Àlàájà, ó sì ń sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kó má mira.

Àlàájà kò gbé orí sókè títí ó fi parí. Ó gba ìwé, ó ṣí i dé ibi tó mọ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀. Ó pa á dé, ó fà á mọ́ra. Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ gbá ìrọ̀rí.

"Wá jókòó. Làálì ṣẹ́ kù nínú abọ́."

Mo ní, "Àlàájà, onígbàgbọ́ ni mí o."

"Ṣé mo ní kó o kírun ni? Gbé ọwọ́ wá."

Mo jókòó, mo na ọ̀tún sí i, bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Ó wò ó, ó rọra tì í kúrò lórí ìrọ̀rí.

Ó ní, "Èyí kọ́. Gbé èkejì wá."